Èmi Ni Mojí Ní Kí Wọ́n Bi Léèrè

Mi ò ní dárúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi nítorí ìyẹn. Dókítà ni mí, ìlú kékeré ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ ìró bàtà ara wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi rí, mi ò sọ ọ́ fún àfáà wa. Mo rò pé mo lè gbé e dé sàréè. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tí mo ṣẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní kí n ran òun lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mi ò lè gbé e débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Dókítà adelé ni wá. Bí dókítà tó ni ilé ìwòsàn bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, tàbí tí ara rẹ̀ ò yá, tàbí tó fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, àwa ni wọ́n máa ń pè pé ká wá bá a jókòó sórí àga rẹ̀. Bó bá ti dé, a di ẹrù wa. Lónìí Ìkìrun, lọ́la Ìbà, lọ́tùn-únla Inísà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ò gbọdọ̀ ra àga olówó ńlá, nítorí ta ni yóò máa gbé e kiri? Ibi tí a wà kì í tíì sú wa tí a ti máa ń múra fún ibòmíràn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Mojí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ìkìrun la ti pàdé. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ fẹ́ lọ tọ́jú orúnkún rẹ̀, ó sì gba àwa méjèèjì pé ká máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Yàrá kan náà ni wọ́n fún wa lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Mojí ti ṣe adelé káàkiri kó tó bá mi pàdé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ojú mi ò tíì là. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa múra iṣẹ́ tuntun kí ti ọwọ́ mi tó tán. Òun ló ń rán mi létí kí ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi ti ọdọọdún má bàa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó bá mi to àwọn ìwé ẹ̀rí mi, ó fi ọ̀rá bò wọ́n kí òjò má pa wọ́n nínú ọkọ̀. Á wá jókòó sórí ibùsùn, á ká ẹsẹ̀ sókè, á sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ilé ìwòsàn, á máa bi mí ní ìbéèrè.

"Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kúrò níbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀?"

Màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Mojí á pariwo, á ní, "Ó tì o! Wọn ò gbà ẹ́! Má sọ̀rọ̀ ibi tó o ti kúrò láìda láé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé tòun ló kàn." A ó wá rẹ́rìn-ín títí àwọn nọ́ọ̀sì á fi máa kan fèrèsé pé aláìsàn ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ká ní mo kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn láti sọ. Ìlara ni. Bí mo bá wọlé láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú àwọn aláìsàn á rẹ̀ wẹ̀sì. "Ṣé Dókítà Mojí ti lọ nìyẹn?" Bí mo bá kọ oògùn fún àgbàlagbà kan, á ká ìwé náà sínú gèlè, á ní òun máa dúró kí Mojí bá òun wò ó. Èmi náà kàwé. Mi ò jí ìwé ẹ̀rí. Mo ń rẹ́rìn-ín síta, inú mi ń korò bí ewúro.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀gá wa dé, wọ́n gbé aboyún kan wá tó ti ń rọbí nílé láti àná. Èmi àti Mojí la jọ wà níbẹ̀. Mojí ò fi nǹkan kan falẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, èmi ni mo dúró tì í. A rí ìyá gbà. Ọmọ ti lọ kí wọ́n tó gbé ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fi ojú ara mi rí i. Mojí lọ sẹ́yìn táǹkì omi, ó sunkún bí ẹni pé òun ló lóyún náà. Obìnrin yẹn gan-an padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Kó tó dé Òkukù, ó ti di pé ọmọ kú lọ́wọ́ dókítà obìnrin kan ní Ìkìrun.

Òkukù ni ìlú Mojí. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dókítà tó ni ín jókòó. Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí ibẹ̀. Màmá ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ń wá adelé tí yóò pẹ́ níbẹ̀, títí ọmọ wọn yóò fi parí ẹ̀kọ́ dókítà tirẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún wa. Mojí sì ní ìdí tó fi fẹ́ ẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nílé, olùkọ́ fẹ̀yìntì, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà, wọn kì í sì í rántí lo oògùn àfi bí ọmọ wọn bá wà nítòsí. Òun nìkan ni wọ́n bí.

Ó lọ rí Màmá, inú Màmá sì dùn sí i. Wọ́n ní ó ku kí àwọn bi ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́ léèrè. Mojí bá fún wọn ní nọ́ńbà mi.

Màmá pè mí ní ọ̀sán. Mò ń sá aṣọ lọ́wọ́. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ọmọ kan kú ní Ìkìrun níbẹ̀ yẹn. Ìwọ tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é, báwo ló ṣe jẹ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ibí yìí dáadáa. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. "Màmá, mo wà níbẹ̀, kò jẹ̀bi." Ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́. Mo mí kanlẹ̀ sínú fóònù. Mo wá ní, "Hùn. Màmá, ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Bí àwọn ènìyàn bá ń wádìí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣaya, tí aládùúgbò bá fún wọn ní irú èsì yìí, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn aṣọ wọn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti parí. Mi ò parọ́. Mi ò tiẹ̀ sọ ohun kan. Mo wá dà bí ọmọlúàbí tí kò fẹ́ ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Màmá ní, "Ó ti yé mi. Olúwa á bù kún ẹ." Mo ṣe àmín. Mo padà sídìí aṣọ mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ fún Mojí pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn kankan ò tíì sí nígbà náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Màmá tún pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò lè tú àṣírí ọ̀rẹ́ ẹ, irú ẹ là ń wá. O ò ṣe kúkú wá sọ́dọ̀ wa?"

Mo búra fún yín, mi ò ro iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú mi, mi ò kọ̀ ọ́. Ọ̀gá wa ní Ìkìrun ti dé, kò sí ibi tí mo tún fẹ́ lọ. Mo sọ fún Mojí. Mo rò pé á bínú, mo tiẹ̀ fẹ́ kó bínú, kí n lè rí nǹkan bá a jà lé lórí. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kò burú. Ojú mi ni ẹ́. Wàá máa bá mi wo Mọ́mì mi."

Òun náà ló tún múra fún mi. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó di Màmá. Ó ní, "Kúnlẹ̀ kí wọn o, ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀ pẹ́. Dókítà ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ọmọ ọ̀dọ̀. Kó o tó dé ọ̀dọ̀ wọn, yà kí àwọn nọ́ọ̀sì, torí àwọn ni Màmá máa bi léèrè tó o bá ti lọ. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sí ẹ létí, ohun rere ni kó o fi dá wọn lóhùn. Tí o ò bá ní rere, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀." Mo ń mi orí. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó tún wo bàtà mi, ó ní irú èyí ò ṣeé gbé lọ síwájú àgbàlagbà, ló bá bọ́ tirẹ̀ fún mi. Bàtà Mojí ni mo wọ̀ lọ gba iṣẹ́ Mojí.

Mo rò pé á rí ibòmíràn kíákíá, nítorí ó mọṣẹ́ jù mí lọ. Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ni ilé ìwòsàn lágbègbè wa máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó lọ sí Inísà, wọ́n ní àwọn á pè é. Ó lọ sí Ìbà, wọ́n ní kó máa lọ ná. Kò sí ẹni tó sọ ohun tó fà á fún un. Ó wá gbà pé òun ló ń ṣì í sọ. Ó ń dúró níwájú dígí, ó ń tún àwọn ìdáhùn rẹ̀ tò, ó ń dẹ ohùn rẹ̀. Ó ní kí n wá di ọ̀gá fún òun, kí n bi òun ní ìbéèrè, kí n sọ ibi tí òun ti ń kọsẹ̀ fún òun. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ bí òun ṣe máa ń ṣe. Mo ká ẹsẹ̀ sókè. Mo ń bi í. Ó ń dáhùn dáadáa, kò sí àléébù kankan níbẹ̀, èmi sì ń sọ pé bóyá kó rọra máa sọ̀rọ̀, bóyá kó máa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì náà ló wà.

Níkẹyìn, ó gba iṣẹ́ kan lókè Ọya, níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Mo sìn ín lọ sí gáréèjì ní Ìkìrun. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí Mọ́mì òun máa jẹ iyọ̀ jù.

Ìyá Mojí máa ń wá sọ́dọ̀ mi kí n wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wọ́n á múra bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé àgbàdo tútù tàbí ẹ̀wà dání fún mi. Mọ́mì lèmi náà ń pè wọ́n. Bí mo bá ti tú okùn ìwọn ẹ̀jẹ̀ kúrò lápá wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. "Dókítà mi, ṣé ilé ìwòsàn yìí ò tíì máa wá dókítà kejì ni? Kí n lè sọ fún Mojí." Màá ní, "Wọn ò tíì wá, Mọ́mì."

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ló ń dùn mí jù. Màmá wá dókítà kejì o. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Ta lo mọ̀ tó lè bá ẹ gbé e?" Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi gbayawu kí n lè tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ Mojí, Màmá á bèèrè pé ṣé kì í ṣe ẹni tí mo mí kanlẹ̀ sí lọ́jọ́sí. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo dárúkọ ọkùnrin kan tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́. Òun ni wọ́n gbà. Nígbà tí Mọ́mì tún wá, tí wọ́n rí i nínú yàrá kejì, wọ́n kàn ní, "Áà, wọ́n ti rí ẹnìkan." Wọn ò bèèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni kẹ̀kẹ́ kan sáré wọ ọgbà wa. Àwọn aládùúgbò ló gbé Mọ́mì wá. Wọ́n ṣubú níbi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́. Ẹnu wọn ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ká. Mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ síbi tó jù wá lọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú wọn pé wọn ò ní débẹ̀. Mo pe Mojí, mo gbé fóònù sí wọn létí. Ohùn rẹ̀ ń já, ó ń padà. "Mọ́mì. Mọ́mì, èmi ni. Mò ń bọ̀." Mọ́mì ò lè fèsì. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n sì ń gbìyànjú láti pe orúkọ kan. Orúkọ mi kọ́ ni. Ọwọ́ yẹn ló tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo gbé fóònù sí etí ara mi, Mojí ti mọ̀. Ó wá ní, "A dúpẹ́ pé ìwọ lo wà níbẹ̀. Ọlọ́run ló fi ẹ́ síbẹ̀ fún mi." Mi ò lè ṣe àmín. Kì í ṣe Ọlọ́run ló fi mí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo ẹbí, ó ń dúpẹ́. Àwọn àgbààgbà ń gbàdúrà lé mi lórí. Mo fà á dìde, mo ní, "Mojí, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ." Ìyá kan tó jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ní ká jẹ́ kó lọ jókòó, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ kó lọ. Ẹ wò ó, bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́, ìyá kan ò lè dá mi dúró.

Ohun tó wá mú mi kọ̀wé yìí nìyí. Mojí pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ padà wálé. Ó ní bí Mọ́mì òun ò tilẹ̀ sí mọ́, òun ò fẹ́ kí koríko bo ilé wọn. Dókítà kan ní Inísà fẹ́ lọ tọ́jú ojú rẹ̀, ó ń wá adelé. Mojí ti ń múra. Ó ní kí n bi òun ní ìbéèrè lórí fóònù bí a ṣe máa ń ṣe, mo sì bi í. Ọ̀nà tó ń gbà dáhùn ti yí padà. Ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ lọ́jọ́sí. Ó wá ní, "Ìwọ ni mo ní kí wọ́n bi léèrè o. Má wulẹ̀ pọ́n mi lé. Òótọ́ ni kó o sọ fún wọn."

Dókítà Inísà á pè mí. Ohun tí màá sọ fún un ò ṣòro fún mi mọ́. Màá sọ pé mo wà níbẹ̀, pé kò jẹ̀bi, pé kò sí dókítà tó dára tó Mojí ní gbogbo agbègbè Odò Ọ̀tìn. Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni ń kọ́ Kéú. Màá lọ bá Màmá náà, bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi.

Mojí gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, á padà wálé, á máa pè mí ní ọ̀rẹ́, a ó jọ máa lọ roko ìdí sàréè ìyá rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, á mọ̀ pé kò ṣi ìdáhùn kankan sọ rí, á sì mọ̀ pé òun ì bá wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni Mọ́mì ì bá dì mú. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Ṣé kí n sọ ọ́ kó tó lọ rí dókítà náà ni, àbí kó wọlé tán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn bú mi. Mo ti bú ara mi tó.

Gbogbo bí a ṣe ń dáhùn níwájú ènìyàn tí mo mọ̀ láyé yìí, Mojí ló kọ́ mi. Èyí tí mo fẹ́ lọ sọ níwájú Mojí, mi ò rí ẹni kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi.